Ilé Tó Ń Ṣeré Lẹ́yìn Òṣèré

    

Ọ̀rọ̀ sinimá la gbé wá lónìí. Kì í ṣe ti òṣèré tó lókìkí, kì í ṣe ti ẹni tó gba àmì-ẹ̀yẹ. Ti àwọn ilé ni, ti àwọn afárá, ti àwọn ère tó máa ń dúró lẹ́yìn òṣèré, tí ẹnikẹ́ni kì í dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn nígbà tí fíìmù bá parí.

Ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè. Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò tíì la ẹnu. Kámẹ́rà gba òkè ọ̀sà kọjá, ó rí afárá gígùn kan tí ọkọ̀ ń tọ́ ara wọn lẹ́yìn lórí rẹ̀. Ta ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún yín pé Èkó la wà? Third Mainland ti sọ ọ́. Bí ilé aago gíga kan bá yọ létí odò, London nìyẹn. Bí ilé gogoro onírin bá yọ, Paris nìyẹn. Ọmọ tí kò wọ bàálù rí láyé rẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Iṣẹ́ gidi nìyẹn, a ò gbọdọ̀ fojú di í. Ó ń dín ọ̀rọ̀ kù. Ṣùgbọ́n pátákó ẹ̀bá ọ̀nà náà lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Ìbéèrè tí ètò yìí fẹ́ kí ẹ mú dání lálẹ́ òní ni pé: ilé tó wà lẹ́yìn òṣèré yẹn, ṣé ó ń ṣiṣẹ́ nínú ìtàn, àbí ó kàn dúró bíi pátákó?

Ẹ rántí fíìmù Captain America: Civil War, èyí tó jáde ní ọdún 2016. Ìjà tó bẹ̀rẹ̀ fíìmù náà, Èkó ni wọ́n ní ó ti ṣẹlẹ̀. Ọjà wà níbẹ̀, èrò wà níbẹ̀, ariwo wà níbẹ̀. Atlanta ní Amẹ́ríkà ni wọ́n sì ti ya ìjà náà. Ọjà tí wọ́n tò sí Atlanta ò lè dá sọ fún ayé pé Èkó lòun. Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọ́n kọ LAGOS gàdàgbà gàdàgbà, lẹ́tà rẹ̀ bo gbogbo ojú àwòrán. Inú ọmọ Èkó tó ń wò ó dùn pé wọ́n dárúkọ òun. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé kò sí ẹni tó dé Èkó nínú wọn.

Ó dáa. Kí ló wá ń jẹ́ pé ilé ṣiṣẹ́ nínú fíìmù? Ẹ jẹ́ ká lọ sí New York, ká lọ bá ìnàkí.

Ọdún 1931 ni wọ́n ṣí Empire State Building. Òun ló ga jù láyé nígbà náà. Ṣùgbọ́n ọjà ò tà lásìkò yẹn. Ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ti dẹnu kọlẹ̀, ọ̀pọ̀ yàrá inú ilé náà ló ṣófo, àwọn ará ìlú sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni King Kong jáde. Wọ́n mú ìnàkí ràgàjì kan láti erékùṣù rẹ̀, wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é, wọ́n gbé e wá sí New York kí àwọn olówó lè máa sanwó wò ó. Ìnàkí já ìdè. Ó gbé obìnrin tó fẹ́ràn lọ́wọ́. Ibo ló sá lọ? Orí òkè gíga ló ń gbé nílé rẹ̀. Nínú ìlú, òkè wo ló kù fún un? Ilé tó ga jù náà ni. Ó gùn ún dé góńgó, ọkọ̀ òfuurufú yí i ká, wọ́n yìnbọn lù ú, ó já bọ́.

Ẹ yọ ilé yẹn kúrò, kò sí ìparí fíìmù. Ohun tí à ń sọ nìyẹn. Ẹ̀rín ibẹ̀ ni pé ère kékeré tí ọmọdé lè gbé lọ́wọ́ ni wọ́n fi ṣe ìnàkí tó ń gun ilé yẹn. Wọ́n ń sún un díẹ̀, wọ́n ń yà á, wọ́n tún ń sún un díẹ̀. Síbẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá wò ó: ojú rẹ̀ gba ìnàkí, ojú rẹ̀ gba ilé.

Nígbà tí wọ́n tún fíìmù náà ṣe ní 1976, wọ́n gbé ìnàkí kúrò níbẹ̀. Ilé méjì tuntun ti wà, World Trade Center, wọ́n sì ga ju ti àtijọ́ lọ. Orí wọn ni ìnàkí ti já bọ́ lọ́tẹ̀ yẹn. Nígbà tí Peter Jackson tún tirẹ̀ ṣe ní 2005, ó dá ìtàn padà sí ayé àwọn ọdún 1930, ó sì dá ìnàkí padà sí Empire State Building. Nígbà náà, ilé méjì yẹn ò sí mọ́. Ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2001. Kódà, àwọn tó ń polówó fíìmù Spider-Man nígbà náà ti ya àwòrán kan níbi tí wọ́n ti ta òwú aláǹtakùn sáàárín ilé méjèèjì. Wọ́n yára kó ìpolówó náà nílẹ̀. Àwọn fíìmù mìíràn pa àwòrán ilé náà rẹ́ kí wọ́n tó gbé e jáde. Ṣùgbọ́n ta ni yóò pa á rẹ́ nínú fíìmù àtijọ́? Wọ́n ṣì dúró síbẹ̀ digbí, lẹ́yìn àwọn òṣèré tí wọn ò mọ ohun tó ń bọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí rédíò yín, ẹ káàbọ̀ o. Àwọn ilé àti afárá tí wọ́n fi ń dá ìlú mọ̀, tó máa ń wà lẹ́yìn òṣèré nínú fíìmù, ni à ń sọ. Ìbéèrè wa ò ju ẹyọ kan lọ: ṣé ilé náà ń ṣiṣẹ́, àbí ó kàn dúró?

Philadelphia ni ọ̀rọ̀ yìí ti dùn jù. Fíìmù Rocky jáde ní 1976. Sylvester Stallone ló kọ ìtàn rẹ̀, òun náà ló ṣe Rocky. Afẹ̀ṣẹ́jà kan ni Rocky, tálákà paraku ni. Iṣẹ́ tó fi ń jẹun ni kó máa bá olówó èlé gba gbèsè káàkiri. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kó wá bá ọ̀gá afẹ̀ṣẹ́jà àgbáyé jà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í múra. Ní ìdájí, nínú òtútù, ó sáré gun àtẹ̀gùn tó wà níwájú ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà ìlú náà. Àtẹ̀gùn 72 ni. Kó tó dé òkè, ó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó di ìhà mú. Ìrora ló fi sọ̀ kalẹ̀.

Ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Ó tún padà wá síbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sinmi lágbede méjì. Ó dé òkè, ó kọjú sí ìlú, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń fò.

Ṣé ẹ rí i? Kò sí ẹni tó jáde wá sọ pé, "Rocky ti lágbára báyìí o." Àtẹ̀gùn kan náà, lẹ́ẹ̀mejì, ló sọ ọ́.

Báwo ni wọ́n ṣe rí àtẹ̀gùn náà? Ará Philadelphia kan, Garrett Brown, ló ṣe ohun èlò kan tí ayàwòrán lè gbé kámẹ́rà kọ́ ara kó sì máa sáré, tí àwòrán ò ní gbọ̀n. Ó fẹ́ dán an wò. Ó ní kí obìnrin tó ń fẹ́ sáré gun àtẹ̀gùn yẹn, òun náà sì ń sáré tẹ̀ lé e pẹ̀lú kámẹ́rà. Olùdarí fíìmù Rocky rí àwòrán ìdánwò náà. Ohun tó béèrè ni ibi tí àtẹ̀gùn yẹn wà.

Ọ̀rọ̀ ò parí síbẹ̀. Fún Rocky ìkẹta, tó jáde ní 1982, Stallone ní kí wọ́n fi idẹ rọ ère Rocky, wọ́n sì gbé e sórí àtẹ̀gùn náà. Nígbà tí wọ́n ya fíìmù tán, ó fi ère náà ta ìlú lọ́rẹ. Ìjà dé. Àwọn ọ̀mọ̀wé iṣẹ́ ọnà ní kí wọ́n gbé e kúrò. Wọ́n ní ohun èlò eré lásán ni, kì í ṣe iṣẹ́ ọnà. Ará ìlú ní irọ́ ni, Rocky àwọn ni. Wọ́n gbé ère lọ sí gbọ̀ngàn eré ìdárayá, wọ́n tún gbé e padà. Ọdún 2006 ni wọ́n tó fi í sísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn. Títí di òní ni àlejò ń wá láti ibi gbogbo láyé, wọ́n á sáré gun òkè, wọ́n á na ọwọ́ sókè, wọ́n á ya fọ́tò. Ọ̀pọ̀ wọn kì í wọ inú ilé iṣẹ́ ọnà náà rárá. Ẹ̀yìn òṣèré ti gba ipò òṣèré.

Àwọn ará Róòmù náà mọ iṣẹ́ yìí. Nínú Roman Holiday, fíìmù ọdún 1953, Audrey Hepburn ṣe ọmọ ọba tó sá jáde kúrò nílé aṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀ láti lọ gbádùn ìlú. Gregory Peck ṣe akọ̀ròyìn tó ń tẹ̀ lé e kiri. Ọmọ ọba ò jẹ́wọ́ pé ọmọ ọba lòun. Akọ̀ròyìn ò jẹ́wọ́ pé akọ̀ròyìn lòun. Irọ́ ń bá irọ́ rìn. Wọ́n wá dé ibi ojú òkúta ńlá kan tó la ẹnu sílẹ̀. Ìtàn ìlú náà ni pé bí òpùrọ́ bá ki ọwọ́ bọ ẹnu òkúta yìí, yóò gé ọwọ́ rẹ̀ jẹ. Ẹ wo irú ibi tí wọ́n mú òpùrọ́ méjì wá! Peck ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó pariwo, ó fà á yọ, ọwọ́ ò sí mọ́. Ó ti fà á sínú apá aṣọ rẹ̀. Kò sọ fún Hepburn tẹ́lẹ̀ pé òun yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Igbe tí obìnrin náà ké nínú fíìmù, igbe ojúlówó ni.

Nílùú yẹn kan náà, Federico Fellini gbé Anita Ekberg wọ inú ìsun omi Trevi pẹ̀lú aṣọ òde, fún fíìmù La Dolce Vita tó jáde ní 1960. Òtútù mú lálẹ́ ọjọ́ náà. Ekberg, ọmọ Sweden, kò kà á sí. Marcello Mastroianni tó tẹ̀ lé e wọ omi ní tirẹ̀ wọ aṣọ rọ́bà sábẹ́ kóòtù. Nígbà tí Mastroianni kú ní 1996, ìlú Róòmù pa omi Trevi, wọ́n fi aṣọ dúdú bò ó. Lónìí, ẹni tó bá kó sínú omi náà yóò san owó ìtanràn.

Ẹ má wá rò pé olóòótọ́ ni àwọn ilé wọ̀nyí nígbà gbogbo o. Wọ́n máa ń jẹ́rìí èké. Nínú Fast Five, fíìmù ọdún 2011, wọ́n fi ère Jésù tó na ọwọ́ lórí òkè Rio de Janeiro hàn wá. A gbà pé Brazil la wà. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ méjì fi okùn irin wọ́ àpótí owó ràgàjì la ìlú já, wọ́n gun afárá, wọ́n ń fọ́ ohun gbogbo. San Juan ní Puerto Rico ni wọ́n ti ya eré-sísá yẹn. Ère náà ló bá wọn búra.

Àwọn ilé kan sì ní olówó orí wọn tí kì í gbà. Fún fíìmù kan tó jáde ní 1959, Alfred Hitchcock fẹ́ ya Cary Grant níbi tó ti ń wọ ilé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní New York. Àjọ náà kọ̀ jálẹ̀. Hitchcock fi kámẹ́rà pamọ́ sínú ọkọ̀ kan ní òdìkejì títì, ó jí àwòrán náà yà, ó sì lọ kọ́ inú ilé náà sí ilé iṣẹ́ fíìmù. Ó di àsìkò Kofi Annan, ọmọ Gánà, kí àjọ náà tó gbà kí wọ́n ya fíìmù nínú gbọ̀ngàn rẹ̀. The Interpreter ni, ti ọdún 2005. Ní Paris, ẹnikẹ́ni lè ya ilé onírin yẹn lọ́sàn-án. Lálẹ́, iná tí wọ́n tàn sí i ní ẹni tó ni ín. Ẹni tó bá fẹ́ fi àwòrán rẹ̀ ṣòwò ní láti gba àṣẹ.

Ṣé Èkó ò ní olówó orí ni? Ó ní i. Nígbà tí Gangs of Lagos jáde ní 2023, àwọn ọmọ bíbí Ìsàlẹ̀ Èkó ò bínú nítorí ilé. Nítorí Ẹ̀yọ̀ ni. Wọ́n ní fíìmù náà fi Ẹ̀yọ̀ ṣe aṣọ ọ̀daràn, ọ̀rọ̀ sì dé ilé ẹjọ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi ohun tí wọ́n fi ń dá ìlú mọ̀ ṣe ẹ̀yìn eré, kó rántí pé àwọn kan ń gbé inú ẹ̀yìn eré náà.

Ẹ jẹ́ ká wálé pátápátá wàyí. Ìbéèrè wa ò yí padà: ṣé ilé náà ń ṣiṣẹ́, àbí ó kàn dúró?

Láyé fíìmù fídíò, bí ará oko bá ń wọ Èkó, àwọn ère àgbà mẹ́ta aláṣọ funfun tó wà lẹ́nu ọ̀nà ìlú ló máa ń kí i. Ó dùn, nítorí ìkíni ni, ìkíni náà sì máa ń jọ ìkìlọ̀: ojú rẹ ni yóò là lónìí. Ìyẹn ṣiṣẹ́. Third Mainland, tí wọ́n ṣí pátápátá ní 1990, náà ti ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni afárá Lẹ́kkí sí Ìkòyí dé ní 2013, afárá olókùn tó rẹwà. Kámẹ́rà tó ń fò lójú òfuurufú náà dé. Ọ̀rọ̀ bàjẹ́. Fíìmù ìfẹ́, afárá Lẹ́kkí. Fíìmù olè, afárá Lẹ́kkí. Ìyá ọkọ ń bá ìyàwó jà nínú ilé ìdáná, wọ́n á kọ́kọ́ fi afárá Lẹ́kkí hàn wá. Kí ló kan afárá níbẹ̀? Ọ̀lẹ ni, ká má parọ́. Àǹfààní kan ló wà níbẹ̀: bí ẹ bá ti rí afárá yẹn nínú fíìmù, ẹ mọ̀ pé wọn ò yà á ṣáájú 2013.

Ẹ wo ilé eré ńlá Ìgànmú. Nítorí àjọ̀dún FESTAC ọdún 1977 ni wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó rí bíi fìlà ológun, ó sì ti ń jẹ́ orúkọ Wọlé Ṣóyínká láti ọdún 2024. Ogúndé, Adé Love, Bàbá Sàlá, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé sinimá wọn lọ tí èrò ń kún àkúnya. Ilé tí fíìmù Yorùbá dàgbà sí lójú gbogbo ayé! Ó yẹ kí ìtàn tiẹ̀ gan-an ti di fíìmù, kó yé dúró bí àwòrán tí wọ́n ń kọjá lára rẹ̀.

Àwọn kan mọ̀ ọ́n ṣe nílé wa náà. Kúnlé Afọláyan gbé Citation, fíìmù ọdún 2020, lọ sí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀. Ìtàn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tí olùkọ́ ńlá kan ń fi ipò halẹ̀ mọ́ ni. Arieh Sharon, ọmọ Ísírẹ́lì, ló ya àwòrán àwọn ilé ọgbà náà; àwọn kan nínú wọn fẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ kí wọ́n lè ṣíji bo ara wọn lójú oòrùn. Nínú fíìmù yìí, ńṣe ni irú ilé bẹ́ẹ̀ ń wo ọmọdébìnrin yẹn láti òkè. Túndé Kèlání ní tirẹ̀ gbé Ayinla padà sí Abẹ́òkúta ní 2021, níbi tí Àyìnlá Ọmọwúrà ti kọrin àpàlà, tó sì kú sí ní 1980. Kò sí afárá kankan tó lè rọ́pò Abẹ́òkúta nínú ìtàn yẹn.

Ìbàdàn ńkọ́? Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ kàn yín. Mápó wà lórí òkè láti 1929, pẹ̀lú àwọn òpó rẹ̀. Ilé ìṣọ́ Bower wà lókè Ààrẹ láti 1936. Ilé Kòkó sì wà ní Dùgbẹ̀. Wọ́n parí rẹ̀ ní 1965, òkè rẹ̀ jẹ́ 26, owó àgbẹ̀ kòkó ni wọ́n fi kọ́ ọ. Iná jó o ní 1985. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n ṣí i padà ní 1992. Èwo nínú ohun tí fíìmù ń wá ni kò sí níbẹ̀? Owó wà níbẹ̀, ìṣèlú wà níbẹ̀, iná wà níbẹ̀. Àgbẹ̀ wà níbẹ̀ tí kòkó rẹ̀ wà nínú ògiri ilé náà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì tẹ inú rẹ̀ rí.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ẹ pè wá lórí fóònù lẹ́yìn ìpolówó yìí. Ẹ sọ fíìmù Yorùbá kan tí ẹ ti rí ilé kan tó ṣiṣẹ́ nínú ìtàn, kì í ṣe èyí tó kàn dúró bíi pátákó. Ẹ̀yin olùdarí fíìmù tí ẹ ń gbọ́ wa, ẹ fún afárá Lẹ́kkí ní ìsinmi díẹ̀. Ẹ gbé kámẹ́rà yín wá sí Dùgbẹ̀.